Ife Tíì Lórí Orúnkún Màmá

Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má bẹ̀rù, Ìyá Wáyà ni. Wáyà ọkọ̀ ló ń tún ṣe jẹun, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. Ìyá tó bí i lọ́mọ, aránṣọ paraku, ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Ọmọ kọ́ ọ tán, ó ní wáyà lòun fẹ́! Inú bí Màmá, láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ rí.

Àfi bí àkọ́bí Ìyá Wáyà ṣe bímọ lánàá. Ojú ọmọ tuntun ń wu Màmá í rí, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn nílé.

Ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà, ṣùgbọ́n láti àárọ̀, bó bá ti fẹ́ yí i báyìí, á fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá Wáyà wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo wáyà jíà ti ń ha irin títí ó fi ya, iná púlọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnnì wá ń ráyè wọ inú wáyà bí ariwo, ó ń da ọpọlọ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà tó ń yí jíà, rú.

"Òfófó lò ń gbọ́ kiri!" ló sọ fún wáyà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó gé ibi tó ya kúrò, ó wé àwọ̀n tuntun, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti ṣẹ́ etí aṣọ, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́. Ó fi rọ́bà bò ó, ó sì dè é jìnnà sí irin tó ń ha á.

Màmá wọ iwájú ọkọ̀, ó gbé ife tíì tó kún dẹ́nu lé orúnkún.

"Bí ẹ̀kán kan bá dà sí mi láṣọ, mo bọ́lẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́ láé."

Wọ́n gbéra. Ìyá Wáyà ló ń wà á. Màmá tẹjú mọ́ ife bí ẹni tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

"Ìgbà wo ló máa yí jíà ọ̀hún?"

"Ó ti yí i lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá."

"Irọ́ ni! Èmi tí mo ti di èémí mú láti ẹnu ọ̀nà!"

"Èmi náà dì í mú, ẹ jọ̀ọ́!"

Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín abẹ́ ọkọ̀ yẹn gan-an. Tíì dà sí i láṣọ. Ìyá Wáyà sáré tẹ bíréèkì, ojú rẹ̀ fà ro.

"Kí lò ń dúró ṣe? Èmi ni mo dà á, kì í ṣe jíà. Wà á lọ jàre. Tá a bá ń bọ̀, iwájú níbí náà ni mo máa jókòó."