Ìrìn Àjò Tí N Kò Sọ fún Ọ̀rẹ́ Mi

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sọ̀rọ̀ ìrìn àjò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bàbá mi lè máa lọ sí Kánò, kí gbogbo ará ilé máa rò pé oko ló ń lọ, àfi tí ẹnì kan bá ṣàkíyèsí pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í di ẹrù níṣojú èèyàn. Á ti ilẹ̀kùn yàrá, á sì máa kọrin kí a má baà gbọ́ bó ṣe ń tú àpótí. Tí a bá bi í, á ní, "Mo fẹ́ yà síbì kan ni," ibì kan ọ̀hún sì lè jẹ́ Èkó. Wọ́n ní èèyàn ò mọ ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí mo kúrò ní Èkìtì wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo gbé àṣà yẹn dání wá.

Ọ̀rẹ́ mi mọ àṣà náà, àmọ́ kò lè ṣe é. Tó bá gbé omi kaná báyìí, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni, kíláàsì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wa, nítorí náà àwọn ọmọ tèmi ń kọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀. Ó gbé kàlẹ́ńdà kan tí ọdún inú rẹ̀ ti kọjá tipẹ́ kọ́ sára ògiri. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, nítorí àwòrán erékùṣù kan tó wà lórí rẹ̀: iyanrìn funfun, igi àgbọn tó tẹ̀ sórí omi, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Tí a bá jáde nílé ìwé lọ́sàn-án, a jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lábẹ́ àwọn igi máńgòrò. Bódìjà ìgbà yẹn dákẹ́ débi pé o máa gbọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó yọ ní kọ́nà. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ kún báyìí, n kò sì rí igi kan ṣoṣo mọ́. Ibẹ̀ la ti máa ń ṣètò bí a ṣe máa lọ sí erékùṣù nígbà tí a bá fẹ̀yìn tì. Òun ló máa gbé gàrí, èmi ni mo máa gbé ata gígún, nítorí ta ló mọ ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ? A jiyàn títí lórí bóyá èèyàn lè ró ìró wọnú òkun. Ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́ ní tòun, òun á jókòó sórí iyanrìn, òun á máa pariwo pé kí n má lọ jìnnà. A ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀, a ò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àárò àwọn ọ̀sán yẹn ń sọ mí gidigidi.

A fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn rọlápárọlẹ́sẹ̀ kọlu ọkọ ọ̀rẹ́ mi. Láti ìgbà náà, kò sun ìta rí. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Ọ̀rọ̀ erékùṣù dáwọ́ dúró láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí a dá a dúró.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá pè mí. "Mọ́mì, láti kékeré mi lẹ ti ń sọ̀rọ̀ erékùṣù. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ mú yín lọ sí Zanzibar. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Mo ní, "Ṣé èmi lo wá ń kọ́ nìyẹn?"

Mo sọ fún ara mi pé àṣà ilé wa ló pa mí lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró nínú ilé tí ọkùnrin yẹn dùbúlẹ̀ sí, kí n wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mò ń lọ síbi tí a jọ fẹ́ lọ, èmi nìkan?

Bí mo ṣe di ẹni tó ń yọ́ rìn nìyẹn. Ayàwòrán wà nítòsí ilé wa ní Bódìjà, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, nítorí náà mo wọ mọ́tò lọ sí Challenge láti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ariwo àwọn tó ń pe èrò Èkó ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ayàwòrán ń sọ, ojú mi nínú fọ́tò náà sì dà bí ti ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Lẹ́yìn náà ó ku abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn àjò. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gbà á ní ọsibítù Jẹ́ríkò, ọ̀rẹ́ mi bá mi lẹ́nu géètì, ó bi mí níbi tí mò ń lọ.

"Mo fẹ́ yà sí Jẹ́ríkò. Dókítà ní kí n wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo gbọ́n. Abẹ́rẹ́ náà fi ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì tún padà lọ sí Jẹ́ríkò lẹ́ẹ̀mejì nítorí káàdì wọn ò tíì ṣe tán. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ọ̀rẹ́ mi.

Láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó ń gbé ọbẹ̀ ẹja wá fún mi. Tí a bá pàdé lọ́nà, á já báàgì gbà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan parí wá ń dákẹ́, á kàn máa wò mí. Mo rí i pé ó rù, mo rò pé ìtọ́jú bàbá, ọkọ rẹ̀, ló fà á. Lọ́jọ́ kan ó dédé bi mí pé, "Ṣé àwọn ọmọ ẹ ti gbọ́?"

Mo rò pé ó ti gbọ́ nípa Zanzibar. Mo ní, "Gbọ́ kí ni?"

Ó ní, "Kò burú," ó fi etí gèlè nu ojú, ó sì jáde.

Lọ́sẹ̀ yẹn mo lọ ra fìlà oòrùn ní Dùgbẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ nínú ọ̀rá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣe aṣalátù, ìyẹn àdúà ọjọ́ Sunday nílé kéú wọn, dá mi dúró. "Ẹ kú ìrìn, mà. Ara ti ń le báyìí? À ń bá yín bẹ Ọlọ́run o. Ọ̀rẹ́ yín ò jẹ́ ká sinmi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń gba ààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Lórí àìsàn yín ni, mà."

Ńṣe ni mo dúró sínú oòrùn, fìlà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí kì í sùn tán lóru nítorí ọkọ, òun náà ló tún ń febi pa inú rẹ̀ nítorí mi, èmi ń ra fìlà.

Mo gba ilé rẹ̀ lọ tààrà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ bàbá tán ni, ó ń nu ọwọ́. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Má tàn mí."

Mo bá yọ fìlà náà jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí Zanzibar dórí Jẹ́ríkò. Ó jókòó. Ó kọ́kọ́ sunkún, ó ń wí pé, "Alihamudulilaahi, alihamudulilaahi." Ó ṣe díẹ̀, ẹkún náà dá, ó gbójú sókè wò mí.

"Kí n má baà mọ̀ pé ò ń lọ ṣe fàájì, lo ṣe jẹ́ kí n máa ro bí wọ́n ṣe máa gbé òkú ẹ lọ sí Èkìtì? Ṣé ọ̀tá ni mí ni?"

"Rárá o. Nítorí bàbá ni. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Bàbá ṣe ohùn kan nínú yàrá. Ó ń gbọ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Máa lọ sílé ẹ."

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò yọjú. N kò mọ bí ilé mi ṣe dákẹ́ tó tẹ́lẹ̀. Mo pe ọmọ mi, mo ní n kò lọ mọ́. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ gba fóònù, ó ní, "Mọ́mì, mo lè dúró sílé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín lọ dípò mi." Omijé bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi máa sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó wọlé, kò kí mi, ó jókòó. Mo sọ ohun tí ìyàwó ọmọ mi wí fún un.

Ó ní, "Kí Ọlọ́run bù kún un. Ta ló wá máa yí bàbá padà?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Má sì fi mí ṣe àwáwí. O máa lọ." Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ọjọ́ wo lẹ máa gbéra?"

N kò tíì sọ ọjọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi, n kò sọ ọ́ fún àbúrò tí a jọ jáde nínú ìyá kan náà. Mo tiẹ̀ bojú wo fèrèsé bóyá ẹnì kan ń kọjá.

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ ọjọ́ tí a máa gbéra, mo sọ aago tí bàálù máa gbéra, mo sọ ìlú tó máa kọ́kọ́ bà sí, mo sọ ọjọ́ tí mo máa padà. Ó ní kí n tún un sọ, kí òun lè há a sórí.

Mo tún un sọ.