Yàrá Ìwádìí Tí Mo Tì Mọ́ Ráfíátù

Ọdún tí ìyanṣẹ́lódì wa pẹ́ títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbàgbé orúkọ kíláàsì wọn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí léèrè ohun tí ojú wa rí. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, ní yunifásítì kan lágbègbè Ìkòròdú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, irun orí mi sì ti funfun tán.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo fi ayé mi kọ́ni. Iṣẹ́ ìwádìí tèmi dá lórí àwọn ègé tó kéré ju ohunkóhun tí ojú lè rí lọ, tí wọ́n ń já bọ́ láti òkè ọ̀run, tí wọ́n ń la òrùlé àti ara èèyàn kọjá láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ní òkè òkun, ẹ̀rọ tó tóbi bí odindi àdúgbò ni wọ́n fi ń ṣe irú ìwádìí yìí. Àwa kò ní nǹkan kan. Ráfíátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó tún ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lábẹ́ mi, ló fi ọdún mẹ́rin to ẹ̀rọ kékeré kan jọ fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀: àwọn pátákó ike tó máa ń tàn wìì bí ègé kan bá gba inú wọn kọjá, àti ẹ̀rọ mìíràn tó ń ka ìmọ́lẹ̀ náà. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń tọrọ wọn kiri.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja wá láti Ẹ̀pẹ́. Bàbá tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó ń yí.

"Ṣé wọ́n ń gba ara tèmi náà kọjá báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọn ò sì dunni?"

"Wọn ò dunni rárá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alihamdulilahi. Iṣẹ́ Olúwa mà pọ̀ o."

Ọdún yẹn náà ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná, ìwé, òrùlé tí kò jò: ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. A fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀ Benson nínú ìlú Ìkòròdú pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń tajà lẹ́bàá títì kígbe mọ́ wa pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ọmọ mi ti jókòó sílé tó gẹ́ẹ́! Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín!"

Ráfíátù yà kúrò lórí ìlà, ó lọ bá a. "Mọ́mì, torí ọmọ yín la ṣe wà nínú oòrùn yìí. Ibi tí a ti ń kọ́ wọn, òjò ń rọ̀ sí wọn lórí ni."

Obìnrin náà wò ó, ó sì na omi inú ọ̀rá kan sí i. Inú mi dùn sí Ráfíátù lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé àwọn olùkọ́ kan ń yọ́ wọlé lọ ṣiṣẹ́. Ìpàdé gbogbogbòò bínú, a sì fẹnu kò pé kí a fi àgádágodo ti gbogbo yàrá ìwádìí. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi, Ráfíátù wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ibi tí ẹ̀rọ wà gan-an ni òrùlé ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí n kàn gbé e kúrò níbẹ̀."

"Ìpàdé ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé."

"Mi ò ní ṣiṣẹ́, sà. Ẹ tẹ̀lé mi, kí ẹ dúró tì mí."

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ọ́. Bí mo bá ṣí i fún ọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn yòókù?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí omi bá wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn."

Mo mọ̀. Ó kúnlẹ̀. N kò rí i kí ó kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ náà máa tó yanjú. Mo lè ti pe àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lórí fóònù kí n gba àṣẹ. N kò pè wọ́n.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí tí a ṣílẹ̀kùn, sílìn ti já lu ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Omi wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Ráfíátù kò sunkún. Ó mú pátákó kan, ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nù ún, ó rọra gbé e padà sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí, ó sì jáde. Kò padà wá mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó lè wá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó gbé àga fún mi, mo sì ní mo wá tọrọ àforíjì.

"Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, sà. Lọ́jọ́ tí mo wá bá yín, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á pè mí ní ọ̀dàlẹ̀."

"Ì bá sàn ká ní ẹ ò gbà mí gbọ́." Lẹ́yìn náà ó ní kí n má bínú, kíláàsì ń dúró de òun.

Ìyanṣẹ́lódì yẹn ṣe wá láǹfààní. Wọ́n kan òrùlé tuntun, iná sì dára díẹ̀ sí i. Bí ọjọ́ náà bá tún padà wá, màá tún jáde sójú títì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún to irú ẹ̀rọ yẹn jọ ní ẹ̀ka wa títí di òní. Ojú pátákó ìkọ̀wé nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí àwọn ègé náà.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò yé sọ ìtàn yìí ní ìpàdé: mo máa ń ní ìjọba ló pa iṣẹ́ Ráfíátù, wọn a sì pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò dárúkọ kọ́kọ́rọ́ rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an: ìjọba ló jẹ́ kí òrùlé jò, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.