Kámẹ́rà Olójú Méjì

Ọ̀fà ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa dé Enugu, kò sì gba ọ̀nà tààrà. Ó kọ́kọ́ gbé wa lọ sí Kàdúná, níbi tí a kò ti ní nǹkan kan í ṣe, kó tó wá yí orí padà sí gúúsù. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó tuntun tí mo jẹ́ nígbà tí a gbéra ti ṣá lára mi. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n òun kan tó ń tajà ní Níú Mákẹ́ẹ̀tì yóò wá pàdé wa ní tésàn. Kò wá. A bèèrè ọ̀nà títí a fi dé ilé rẹ̀, ó sì bá wa wí pé a pẹ́.

Fọ́tò lọkọ mi ń yà, èmi ń ránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ni a gbà lẹ́yìn ọjà náà, a ta kọ́tìnì sí àárín rẹ̀. Ẹni tó bá wá ránṣọ á máa gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń sọ fún ẹlòmíràn pé kó má mira. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò á máa gbọ́ ariwo máṣíìnì mi. Nígbà mìíràn, ẹnì kan náà ló máa ń ṣe méjèèjì: á wọ aṣọ tó gbà lọ́wọ́ mi, á ká kọ́tìnì sókè, á sì lọ jókòó níwájú kámẹ́rà.

Olójú méjì ni kámẹ́rà ọ̀hún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀, ló tà á fún ọkọ mi. Ojú tòkè ni ayafọ́tò fi ń wò. Ó máa ń tẹ orí ba ni, nítorí pé orí dígí kékeré kan ní òkè kámẹ́rà ni àwòrán ẹni tó wà níwájú máa ń hàn sí. Ojú tìsàlẹ̀ ló ń gbé àwòrán náà sórí fíìmù. Òrùka irin kan yí ojú kọ̀ọ̀kan ká, òrùka méjèèjì ní eyín, eyín wọn sì kó sínú ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí o bá yí ọ̀kan, èkejì á yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí ni dígí inú wọn ń jáde síta tàbí ń wọlé, bí ẹni ń dé ìdérí ìgò. Bó bá jáde, ohun tó wà nítòsí á mọ́ kedere. Bó bá wọlé, ohun tó wà lọ́nà jíjìn á mọ́. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí tòkè bá ti mọ́, a gbà pé tìsàlẹ̀ náà ti mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọjú wò ó.

Ṣùgbọ́n eruku èédú àti eruku ọyẹ́ jọ wọ ibi tí àwọn òrùka yẹn ti ń yí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọkọ mi á fi gbogbo agbára yí wọn, á ki eyín bọ ètè, iṣan ọrùn rẹ̀ á ta. Àwọn oníbàárà rò pé àwọn ló ń bínú sí. Nínú gbogbo fọ́tò tó yà lásìkò yẹn, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn.

Ó ká kọ́tìnì lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó mi, fún mi ní òróró máṣíìnì ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, òróró yẹn ṣàn jù. Irin tó tóbi ni wọ́n ṣe é fún."

"Irin ni irin," ó ní.

Òrùka náà sì yí dáadáa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń yí i lásán nígbà tí kò sí oníbàárà. Kò pẹ́ ni òróró náà bá rìn dé orí dígí. Ni ó bá tú ojú kámẹ́rà méjèèjì palẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, ó fi àkísà mi nù wọ́n, ó sì tò wọ́n padà. Kò sí síkúrù kankan tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó pè mí pé kí n wá wò ó pé kò sí èyí tó ṣẹ́kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ọ̀fà ní kó wá ya Bàbá. Bàbá ló dàgbà jù nínú àwọn oníṣòwò wa ní Enugu, wọ́n sì ń padà sílé pátápátá. Ẹgbẹ́ fẹ́ gbé fọ́tò wọn kọ́ sí yàrá ìpàdé. Bàbá ò tíì jókòó níwájú kámẹ́rà rí. Wọ́n gbé àga síwájú ilé, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n sì jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, ewúrẹ́ kan dúró sórí òkìtì òkúta.

Nígbà tí fọ́tò náà jáde, Bàbá rí bàìbàì bí èéfín tó wọ fìlà. Ewúrẹ́ ọ̀hún mọ́ kedere. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ fún wọn. Bàbá gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ewúrẹ́ ta nìyí?"

"Ti àwọn ará ilé ẹ̀yìn ni, Bàbá," ọkọ mi dáhùn.

"Ó jọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ọkọ mi fi ìka hàn wọ́n. Bàbá wo ibẹ̀ pẹ́.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Tí mo bá kú, ẹ gbé èyí kọ́. Ní báyìí, mo ṣì wà."

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn máa wọ̀, kí a yára wá tún un yà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ọkọ mi ní fíìmù ni kò dára. Nígbà tí a dé ìkòríta, ó ní omi tí òun fi fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní Bàbá ló mira.

"Bàbá wá mira, ewúrẹ́ wá dúró jẹ́ẹ́?" mo bi í.

Ó lọ jókòó. Mo lọ bá a, mo ní kó fi ibi tí àwòrán máa ń bọ́ sí gan-an hàn mí. Ó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní ibẹ̀ ni fíìmù máa ń tẹ́ sí. Mo gé díẹ̀ nínú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ń ya páténì aṣọ, mo fi ìrẹsì tó jinná lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ gbọnrangandan. A gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, a kọ ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, a sì gbé ìgò kan sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà náà. Ọkọ mi ṣí ojú tìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó má padé. Mo fi aṣọ dúdú bo orí mi àti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Gbogbo àdúgbò wà lórí bébà yẹn, ní ìdoríkodò. Àwọn obìnrin ru ẹrù, wọ́n ń fi orí rìn lọ. Mo gbàgbé ohun tí mo wá wò fún ìgbà díẹ̀. Lórí dígí òkè, ìgò mọ́ kedere. Lórí bébà tèmi, ìgò ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n igi fèrèsé ilé òdìkejì mọ́ gan-an.

"Wọn ò wo ibì kan náà," mo sọ lábẹ́ aṣọ.

Ọkọ mi wo òrùka méjèèjì pẹ́.

"Eyín ni," ó ní. "Ibi tó bá mi lọ́wọ́ ni mo ti kó wọn pọ̀."

A mọ ohun tó kù láti ṣe. Àwọn síkúrù wínníwínní kan ló de òrùka tìsàlẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀. A máa tú wọn, ká yí dígí náà lásán títí ohun tó jìnnà á fi mọ́ lórí bébà, ká yí tòkè náà títí ohun kan náà á fi mọ́, ká tó wá kó eyín wọn pọ̀, ká sì dè é. A gbé kámẹ́rà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti lè rí òkè ńlá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú. Bí ọkọ mi ṣe tú síkúrù kejì, ó ta sílẹ̀, a ò rí i mọ́.

Mo gbé ajọ̀ jáde, mo ń bu iyanrìn, mo ń jọ̀ ọ́. Ìyàwó onílé wa jáde. Ará Udi nítòsí Enugu ni, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́wọ́ àwa ayálégbé rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá?"

"Síkúrù."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo fi ìdajì èékánná ìka mi tó kéré jù hàn án. Ó wo ẹ̀yìnkùlé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọlé lọ gbé ajọ̀ gàrí tirẹ̀ wá. A jọ rí bọ́tìnì, a rí ìlẹ̀kẹ̀, a rí èédú rẹpẹtẹ. Nígbà tó yá, ó mú nǹkan kan sáàárín ìka méjì, ó gbé e sókè.

"Nítorí èyí?" ó ní.

Ọkọ mi wá wọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó yí dígí. Ó ní òkè náà ti mọ́. Mo wọlé lọ wò ó, kò mọ́. Mo yí i díẹ̀ sí i, ó mọ́. Ó padà wọlé, ó ní mo ti bà á jẹ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ohùn wa fi ń ròkè. Ni ìyàwó onílé bá ní kí àwa méjèèjì kúrò níbẹ̀. Òun náà bo orí. Ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó dorí òkè kodò. Lẹ́yìn náà ó ní níbi tí ọkọ mi yí i sí, ìkúukùu ni òun rí. Níbi tí mo yí i sí, òun rí igi.

Ọkọ mi gba aṣọ dúdú náà, ó ká a, ó tún un ká.

"Láti ìgbà wo ni?" mo bi í.

"Láti ìgbà òjò tó kọjá. Ohun tó bá ti súnmọ́ mi kì í mọ́ mọ́. Mo rò pé kámẹ́rà ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi díẹ̀, nítorí òróró mi. Níbi tí mo yí dígí sí la ti kó eyín òrùka méjèèjì pọ̀, a sì dè é.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, èmi ni mo tẹ orí ba kámẹ́rà. Bàbá bojú wo ọkọ mi.

"Obìnrin ló máa yà mí?"

"Òun ló máa wò, Bàbá. Èmi ló máa tẹ̀ ẹ́."

Bàbá rò ó. "Ó dáa. Ilé kan náà lẹ kúkú ti wá."

Fọ́tò náà mọ́. Gbogbo ìhunjọ ojú Bàbá ló wà níbẹ̀, àti ilà wọn, àti òwú kan tó já lọ́rùn agbádá.

"Mo ti darúgbó tó báyìí?" wọ́n bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Wọ́n gba ẹ̀dà kan sápò, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Wọ́n fún ọkọ mi ní awò ojú ní ọsibítù, ó sì padà sídìí kámẹ́rà rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti kálẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò. Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, oníṣòwò ará Ìlọrin kan wá kí wa. Ẹlẹ́hàá ni àwọn ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin mìíràn kò gbọdọ̀ rí wọn. Ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó ilé yìí ń wo kámẹ́rà, pé òun fẹ́ ya àwọn ìyàwó òun kí àwọn òbí wọn lè rí wọn nílé.

Ọkọ mi yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé o lè dá a tẹ̀?"

"Ìyẹn ló rọrùn jù níbẹ̀," mo dáhùn.

Mo lọ. Ìyálé ní òun kò ní jókòó àfi tí òun bá kọ́kọ́ wò ó. Mo jẹ́ kó tẹ orí ba. Lórí dígí yẹn, ọ̀tún máa ń di òsì, mi ò sì rántí sọ fún un. Ó rí ìyàwó kékeré lórí àga.

"Sún sọ́tùn-ún mi," ó pàṣẹ.

Ìyàwó kékeré sún sọ́tùn-ún ìyálé. Ìyálé rí i tó ń sún sósì.

"Ọ̀tún ni mo wí!"

Ó tún sún. Ìyálé gbórí sókè, ó yíjú sí mi.

"Ẹ ò rí i? Bó ṣe máa ń ṣe mí náà nìyẹn."

Mo ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ìyálé ní òun ti rí ohun tí òun rí. Mo wá tò wọ́n, mo yí òrùka títí ojú àwọn méjèèjì fi mọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà ilé ni mo ti rántí pé ọkọ mi kò gbọdọ̀ rí fọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló mọ fíìmù fọ̀. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo ti ilẹ̀kùn. Ó dúró síta, ó ń pè é fún mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: da oògùn àkọ́kọ́ sí i, mì í, ó ti tó, gbé e bọ omi. Mo ń ṣe bó ṣe wí.

"Ó jáde?" ó bèèrè nígbà tó yá.

"Ó jáde."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́ dáadáa."

Ó súnmọ́ ilẹ̀kùn.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Mo ní kò kàn án.