Bàbá Dókítà Nínú Ṣálángá Àwọn Ará Róòmù

Láti ìgbà tí Juwairiyyah ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pe bàbá rẹ̀, Shamsudeen, ní Bàbá Dókítà ní mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Houston. Ọmọ náà ò tíì lè ka eyín ẹnu ara rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe ni wọ́n fi ń pe bàbá, kí ọmọ má baà ṣìnà. Shamsudeen, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ilé ìfọpo kan ní Pasadena, wá ń rìn bí ẹni pé òun gan-an ló ń la ikùn aláìsàn.

Àfi bí Juwairiyyah ṣe dé yunifásítì tó ní òun ò ṣe dókítà mọ́. Ahoro ìlú àtijọ́ lòun fẹ́ máa wú.

"Ahoro?" Shamsudeen pariwo débi pé gbogbo ajá àdúgbò wọn ní Richmond sá pamọ́. "Ṣé ahoro wọ́n ní Ìwó ni? Ta ló ti wò wọ́n tó fi gboyè?"

Làdíátù, ìyàwó rẹ̀, ló pẹ̀tù sí i. "Bàbá Juwai, ẹ bá a lọ sí Róòmù. Tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i, tẹ́ ẹ ṣì ní rárá, ọmọ á padà sídìí dókítà." Ọmọ gbà. Bàbá náà gbà. Ó ti há "rárá" sórí kí wọ́n tó wọ bàálù.

Róòmù sú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ògiri tí kò lórí, òpó tó dá dúró gbagidi bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ní Houston, ilé ìtajà tó bá ti gbó díẹ̀, wọ́n á wó o dànù, ojú á gba gbogbo ènìyàn tì. Níbí, èèyàn tò lórí ìlà nínú oòrùn láti wo àlàpà.

Wọ́n wá dé Ostia, ìlú àtijọ́ kan lẹ́bàá Róòmù. Bẹ́ǹṣì òkúta gígùn kan wà níbẹ̀, ihò pọ̀ lára rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ṣálángá ni, Daddy. Wọ́n máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ."

"Láìsí ògiri láàárín? Kí ni wọ́n wá fi ń nùdí?"

"Wọ́n ní kànrìnkàn tí wọ́n so mọ́ igi ni."

"Ti kálukú?"

Juwairiyyah wolẹ̀. "Wọ́n jọ ń lò ó ni."

Shamsudeen tutọ́, ó tún tutọ́. Ó wá fa bútà aláwọ̀ ewé rẹ̀ yọ nínú àpò, èyí tí kì í fi sílẹ̀ rìnrìn àjò, ó kojú sí bẹ́ǹṣì náà.

"Ẹ̀yin ọ̀bùn! Ẹ gba gbogbo ayé, ẹ ò gba bútà! Báyìí là ń dà á! Ọwọ́ òsì!"

Àwọn tó wá wòran ti rọ́ dé. Wọ́n rò pé eré àwọn ará Róòmù ló ń ṣe, ni wọ́n bá ń ya fídíò. Ọkùnrin ará Texas kan tún jókòó pẹ̀ṣẹ̀ sórí ihò kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, lórí ibi tí ẹgbẹ̀rún ìdí ti jókòó! Wọ́n ń bi Shamsudeen ní ìbéèrè. Ó ṣì ń tutọ́.

Juwairiyyah ló dáhùn. Ó fi gọ́tà omi tó wà níwájú ẹsẹ̀ hàn wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ṣan kànrìnkàn. Ó ṣàlàyé bí omi ṣe ń gba abẹ́ bẹ́ǹṣì gbá ìdọ̀tí lọ. Wọ́n yí kámẹ́rà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó máa ń yán bí ẹni tí wọ́n fún lágbo tó bá ti ṣí ìwé dókítà, ojú rẹ̀ ló ń dán báyìí, ọwọ́ òfìfo ló fi ń pa òkúta ìgbẹ́ náà lára bí orí ọmọ tuntun.

Shamsudeen wo ọwọ́ náà. "Rárá" tó há sórí, kò rí i mọ́.

"Mú ọwọ́ wá." Ó da omi bútà sí i. "Fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tó bá máa wú ṣálángá òkú jẹun gbọ́dọ̀ máa fọwọ́."

"Daddy! Ẹ gbà nìyẹn?"

"Mo ní kó o fọwọ́!"

Ní Jímọ̀ tí wọ́n padà dé Houston, Alhaji Lùkúmọ̀n, ọ̀kan lára àwọn ará mọ́ṣáláṣí wọn, ti ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun nígbà tó rí i. "Bàbá Dókítà, ẹ kú àbọ̀ o!"

Shamsudeen yínmú. "Kò sí dókítà níbẹ̀ mọ́. Bàbá Ahoro ni kẹ́ ẹ máa pè mí."

"Ahoro kẹ̀? Kí lẹ rí lọ́hùn-ún?"

Shamsudeen jókòó tì í, ó sọ ọ́. Kó tó dé orí kànrìnkàn, Alhaji ti gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó ń wá ọ̀nà ìta.