Bí A Ṣe Ń Ṣubú Lórí Síkì

Ní àdúgbò wa ní Dassa, wọ́n ní orí mi ti dàrú láti ìgbà tí mo ti ti òkè òkun dé. Wọ́n ní obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, kí ló ń wọ pákó gbọọrọ onítáyà sẹ́sẹ̀, tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ́ lórí títì bí ẹni tí kò nílé? Wọ́n á sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́. Mo ń gbọ́ o! Etí mi ò di. N ò kàn ní í bọ́ ọ sílẹ̀ ni.

Síkì ni nǹkan náà ń jẹ́. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe èyí tó ní táyà kéékèèké fún ìgbà ooru. Ó pẹ́ tí mo fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn olówó ti ń wá ṣeré lórí yìnyín nígbà òtútù. Lọ́jọ́ tí mo ní èmi náà fẹ́ kọ́ ọ, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní yìnyín kì í ṣe ti èèyàn dúdú. Mo ní, ṣé yìnyín ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ni?

Obìnrin kan tó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì náà ló mú mi lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Mo rò pé yóò kọ́ mi bí a ṣe ń lọ. Ó ní rárá, bí a ṣe ń ṣubú la fi ń bẹ̀rẹ̀. Fi ẹ̀gbẹ́ ìdí jókòó sílẹ̀, má fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, jù ú nù. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti ń lọ sílẹ̀, ṣe ni mo ń gbé ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fi ń ti ara sókè bí ẹni gbé ẹyin, tí ẹ̀yìn orí mi á sì balẹ̀ gbì! Obìnrin náà ń pariwo pé, "Kí lo ń dáàbò bò?" Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Omi ìsun kan wà lókè, láàárín àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Dassa, ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń pọnmi. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, àpáta ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Dípò kó fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lórí, ó sì fi ìbàdí gba àpáta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Ìyá wa ní kó kọ́kọ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ òun, ó sì gbà á. Egungun ìbàdí ìyá mi ti ṣẹ́, kò sì rìn dáadáa mọ́ títí ìpalára náà fi pa á. Ẹ wá gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń yìn ín: "Obìnrin gidi! Ó ṣubú, ìkòkò rẹ̀ ò fọ́." Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá. Inú ń bí mi dòní olónìí. Bí ọmọ tuntun bá kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́, a máa ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní ilé tiwa, agbè ló fọ́, omi ni wọ́n ń yìn.

Nígbà tí mo padà wálé, mo gbé síkì onítáyà dání. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló kọ́kọ́ ní, "Tántì, ẹ kọ́ mi." Títì ọ̀dà tuntun kan wà tó yà kúrò lọ́nà Paouignan, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Mo gbé kásìkì alùpùpù lé e lórí, mo fi aṣọ di orúnkún rẹ̀. Tẹ orúnkún. Fi àyà síwájú. Iwájú ni kí o máa wò, má wo ẹsẹ̀. Bí o bá fẹ́ dín eré kù, ya gìgísẹ̀ sóde kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síra. Kí n tó kọ́ ọ ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú. Ẹ wò ó, ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ìgbà tó dé etí bàbá rẹ̀, wàhálà dé. Ó bá wa lórí títì lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Mísà, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

"Àpáta ló pa ìyá wa," ó ní. "Ṣé o tún fẹ́ kí títì pa ọmọ tèmi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe àpáta ló pa á. Ìkòkò ló pa á."

Ó wá yọ fóònù rẹ̀ jáde, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó iṣu rà ní Glazoué, tó ń fi áńkáṣíìfù nù ní gbogbo ìgbà. Ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ní bí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, kó gbé fóònù yẹn sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun nísàlẹ̀. Bó bá dé láìfọ́, ká máa ṣe síkì wa lọ. Bó bá fọ́, ó parí nìyẹn.

Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀, n ò fi bò: "Ọmọ mi, bí o bá ń ṣubú, jù ú nù." Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó yíjú, a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta gààrí lẹ́bàá títì.

Ọmọ náà gbéra. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ojú rẹ̀ wà níwájú, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó dára lójú mi gan-an. Àfi bí ewúrẹ́ kan ṣe já sójú títì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ya gìgísẹ̀, eré rẹ̀ dín, kò tíì tó. Mo rí i tó ń fì sẹ́yìn. Mo rí ọwọ́ tí fóònù wà, ó ń lọ sókè.

"Jù ú nù!" Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ó jù ú. Fóònù lọ balẹ̀ lórí ọ̀dà, òun sì fi ẹ̀gbẹ́ ìdí jókòó sínú koríko.

"Yéè, fóònù!" làwọn obìnrin onígààrí figbe ta. Wọ́n dìde, ibi tí fóònù wà ni wọ́n sáré lọ. "Fóònù olówó ńlá! Ó ti fọ́ yángá!" Kò sẹ́ni tó tíì kí ọmọ kú ewu. Òun fúnra rẹ̀ dábùú síkì sí ọ̀nà òkè kó má baà yọ̀ lọ, ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó díẹ̀. Ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbé fóònù wá fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ ò rí ọmọ burúkú? Ì bá dì í mú dáadáa!"

Ẹ̀gbọ́n mi ò na ọwọ́ gbà á. Ó kọjú sí obìnrin náà, ohùn rẹ̀ le.

"Ṣé fóònù ni mo bí?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ bá ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú bàtà Mísà lẹ́sẹ̀.