Ẹ̀gẹ́ Ìyá Ọkọ Mi àti Àwọn Tó Wá Gba Òkun Là

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń rọ̀ lódò kì í ṣe òórùn tí àlejò máa ń fẹ́ràn. Ó kan, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a ń ṣe láfún ní Fìdítì, òórùn oúnjẹ ni. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ létí odò, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí, àti àwọn tó wá gba òkun là lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Inú àpò ìrẹsì ni à ń kó ẹ̀gẹ́ tí a ti bó sí, a ó dì í lẹ́nu, a ó rì í sínú odò, a ó sì gbé òkúta lé e kí omi má baà gbé e lọ. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Lọ́dún tí wọ́n wá, ẹ̀gẹ́ tó kẹ́yìn lóko Ìyá ló wà nínú omi. Òjò ti ń ṣú. Bí oòrùn tó ṣẹ́kù bá kọjá kó tó sá a sórí àpáta, a ò ní rí láfún jẹ, kò sì ní rí tà, títí òjò yóò fi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ kó o, a bá mọ́tò ńlá méjì àti típà kan létí odò. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ẹ̀wù búlúù tí wọ́n ya ẹja sí láyà kún inú omi. Ọ̀gá wọn, olùdókòwò kan láti Èkó, dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú bàtà funfun. Wọ́n ti fa gbogbo àpò Ìyá jáde, wọ́n ti fi ọ̀bẹ là wọ́n, wọ́n sì ti da ẹ̀gẹ́ náà mọ́ táyà àti ọ̀rá nínú típà.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan oúnjẹ mi?" Ìyá kígbe.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ agbọ̀rọ̀sọ wọn rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ má bínú. Pàǹtí ni. Ó ti ń rùn."

"Irú náà ń rùn. Ṣé ẹ kì í jẹ irú nílé yín ni?"

Ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó ní omi wa ń ṣàn lọ sínú odò ńlá, odò ńlá sì ń ṣàn lọ sókun. Pé ọ̀gá àwọn ti dókòwò sórí ìmọ́tótó òkun, bí òkun bá sì ti mọ́, èrè yóò wọlé fún gbogbo ayé. Gbogbo ayé! Ìyá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ṣé àwa náà wà nínú ayé yẹn?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n yìn. Ó mú fìlà kan tí wọ́n ya ẹja sí, ó fi dé Ìyá lórí gèlè rẹ̀, ó fà á mọ́ra, wọ́n sì ya fọ́tò. Mo nawọ́ sí òkè odò, lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì dúdú sínú gọ́tà tó ń ṣàn wá bá wa. Wọ́n ní àkókò ti lọ. Ó yé mi: ọ́ìlì kò ṣeé kó jọ bí òkìtì níwájú kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà, ọkọ mi fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Òkìtì ẹ̀gẹ́ Ìyá ni, funfun báláú. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohun tó ń pa ẹja òkun nìyẹn.

Òjò dé. Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ wá ń lọ ra gàrí ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, níbi tí ojú kò ti mọ̀ ọ́n. Inú fìlà ẹlẹ́ja náà ni adìyẹ rẹ̀ ń yé sí.

N kò bá òkun jà. Ó lè nílò olùrànlọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun wá gba nǹkan là, mo máa ń wò ó bóyá yóò béèrè pé ti ta ni, kó tó la àpò. Àwọn tí kì í béèrè, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó, olè tó wọ bàtà funfun ni wọ́n lójú mi. Ìyá kì í dárúkọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ òkun níwájú rẹ̀, yóò kàn rọra sọ pé, "Èyí tí n kò rí rí yẹn? Ó ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi."