Àwo Kọ́sítáàdì Lórí Àtẹ̀gùn

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Dẹ́ńmáàkì. Tíṣà wa ló ní ìwé ìtàn kan láti ibẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni tíṣà fi ń sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi máńgòrò. Ó mọ̀ ọ́n sọ débi pé mo rò pé ìlú kan lẹ́bàá Ìbàdàn ni Dẹ́ńmáàkì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi.

Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo ṣe lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba rán èmi àti obìnrin kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Dẹ́ńmáàkì yìí kan náà. Ọ̀rẹ́ mi ni mo pè é nígbà yẹn. Láràárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, á ṣí ìwé orin kan náà, wọn á jọ kọ orin tí àwọn akéwì wọn kọ. Àwọn tó ń sọ èdè Dẹ́ńmáàkì kò pọ̀ tó àwa tí à ń sọ Yorùbá rárá. Ogun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn rí, orin àti ìtàn sì wà lára ohun tí wọ́n fi gbé ara wọn ró. Àwọn òǹkọ̀wé wọn kó ìtàn àwọn àgbẹ̀ sínú ìwé, ìwé náà sì wọ ilé olówó àti tálákà.

Ọ̀kan nínú ìtàn wọn ni ti bàbá kékeré onífìlà pupa tó ń ṣọ́ ilé láti òkè àjà. Bí Kérésì bá dé, àwọn ọmọdé á gbé àwo ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú bọ́tà lórí. Eré ọmọdé ni. Pásítọ̀ tó gbà wá sílé ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe é. Àwa méjèèjì jẹ nínú ìrẹsì náà lórí tábìlì rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ ní kí wọ́n tún bu sí i.

Nígbà tí ọdún 2000 kọjá díẹ̀, a ti fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì sì ń gbé ní Festac. Ọ̀rẹ́ mi di alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Mo gba yàrá kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, mo sì ń kó àwọn ọmọdé jọ síbẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé. A ó kọ orin Yorùbá, lẹ́yìn náà n ó sọ ìtàn kan. Àwọn kan ń wá láti Abúlé Adó. Àwọn ọmọ tí kò lè kí ènìyàn ní Yorùbá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fúnra wọn. Lójú ara mi, mo ti rí ohun tí n ó fi sílẹ̀ láyé.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, mo sọ ìtàn onífìlà pupa. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú wọn délé, ó bu kọ́sítáàdì sínú àwo dípò ìrẹsì, ó fi bọ́tà lé e, ó sì gbé e sórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Aládùúgbò wọn tó ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹbọ rè é o. Ta ló gbé ẹbọ síbí?"

"Ẹbọ tó ní bọ́tà?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Àwọn ẹ̀mí òde òní ò jẹ epo mọ́, Bàbá Tèmi. Ẹ lọ gbé òróró àdúrà wá."

Wọ́n da òróró sí àtẹ̀gùn títí ó fi ń yọ̀. Ọmọ náà ní Màmá Onítàn ló kọ́ òun. Ni ẹgbẹ́ onílé bá pe ìpàdé. Mo ṣàlàyé títí. Ọkùnrin kan ní, "Màmá, ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá yín yìí ń lọ náà nìyẹn. Ẹ̀ ń fi ìtàn kó àwọn ọmọ wa wọlé òrìṣà."

Mo ní kí wọ́n bi alága wọn. Mo ní ilé pásítọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì ni a ti jọ jẹ ìrẹsì onífìlà pupa náà. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó ti pẹ́," ló wí. "Mi ò rántí."

Ó rántí. Ó bẹ̀rù pé wọn á gba ipò lọ́wọ́ òun ni. Wọ́n ti yàrá pa ní ọjọ́ yẹn, wọ́n sì kó àga oníke sínú rẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin alága lọ fẹ́ ìyàwó ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n sì bí ọmọ. Lọ́jọ́ Kérésì kan, alága wá bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Gbogbo èdè wọn ti lọ lórí mi."

Mo tẹ́tí. Ọmọ náà kọ orin kan tí a máa ń kọ láràárọ̀ níbẹ̀, ó kọ ọ́ láìṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ó bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ní òun ti gbé ìrẹsì sí òkè àjà," ni mo wí. "Ó ní òun fi bọ́tà sí i. Ṣé kí n bá ọ pe pásítọ̀ kó gbé òróró wá?"

Ó tún ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Ọmọbìnrin oníkọ́sítáàdì ti di ìyá ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Ọmọ ọmọ alága tó wà lókè òkun mọ ìtàn ìlú tí wọ́n bí i sí, ó sì mọ orin rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ ọmọ alága tó wà ní Festac, àga oníke ṣì wà nínú yàrá tí wọn ì bá ti máa gbọ́ ìtàn, kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ ìyá àgbà wọn.